Ọ̀rọ̀ “Off” Kò Ṣeé Gbára Lé Nídìí Ẹ̀rọ

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Níbi tí irin ti ń yí, ọ̀rọ̀ tí a ṣì gbọ́ lè gba ọwọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fojú ṣùnnùkùn wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan tó ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, irú èyí tó wà ní Ìkòròdú Industrial Estate ní Odogunyan, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù. Ọ̀rọ̀ náà ni “off”.

Wọ́n ní òṣìṣẹ́ wà ní “off”. Wọ́n ní kí wọ́n “offload” tírélà. Wọ́n ní kí wọ́n “off” ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti ya gbogbo èyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òṣìṣẹ́ wà ní ìsinmi. Ẹrù, jíjá ni à ń já a. Ẹ̀rọ, pípa ni à ń pa á. Fìlà tí Òyìnbó “take off”, ṣíṣí ni. Bàtà, bíbọ́ ni. Ọkọ̀ òfurufú, gbígbéra ni. Ti agogo ìkìlọ̀ ló yani lẹ́nu jù: bí Òyìnbó bá ní ó “went off”, dídún ló dún, bó bá ní ó “is off”, ó dákẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì tó tako ara wọn.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Bí ẹnì kan bá kígbe pé “ẹ̀rọ ti off”, kí ló sọ? Ṣé wọ́n pa á ni, àbí iná ló lọ, àbí ó bàjẹ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n pa, tí wọ́n sì fi àgádágodo ti súwíìṣì rẹ̀, ni òṣìṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe. Èyí tí iná kàn lọ lè jí lójijì bí iná bá dé tàbí tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Iná kì í dágbére kó tó lọ, kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó dé. Ẹni tó ní “iná ló lọ” ti kìlọ̀; ẹni tó ní “ó ti off” kò tíì sọ nǹkan kan.

Àwọn kan yóò jiyàn pé “pa” náà ní ìtumọ̀ púpọ̀: à ń pa ẹran, à ń pa àlọ́, à ń pa irọ́. Òótọ́ ni. Kò sí èdè tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ti 1989 ka ìtumọ̀ tó lé ní 400 sí “set” lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹran, àlọ́ àti irọ́ ló ń tọ́ka ìtumọ̀ “pa” fún olùgbọ́. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn yí “off” ká. Ẹni tó yá a lò níhìn-ín já a gbà láàárín ẹbí rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ ní òun nìkan.

Ọ̀rọ̀ àyálò kọ́ ni ọ̀tá. Mọ́tò, bírékì àti táyà bá ohun tuntun wọlé, èdè sì fún wọn ní àga. “Off” kò mú ohun tuntun kankan wá. Àga onílé ló jókòó lé.

Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Òfin náà yóò di òfo bí ẹ̀kọ́ Yorùbá bá parí sí oríkì àti òwe, tí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ lọ́la kò sì lè fi í kìlọ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ fi ẹ̀rọ tí a pa, ẹ̀rọ tí iná lọ àti ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ọwọ́ bá gé nítorí ọ̀rọ̀ tí kò yé ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Yorùbá ni kò ní ọ̀rọ̀.