Jọ́ọ̀sì Ni Wọ́n Ti Rí I!

Bọ̀dá mẹkáníìkì kan fẹ́ bá mi jà n'Íyànà Ọ̀fà. Wọ́n ní kò sí eré tẹlifíṣàn àtijọ́ tó lè dẹ́rù ba èèyàn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tíì wo Doctor Who nìyẹn!" Eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 1963 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí WNTV ti lo ọdún mẹ́rin n'Íbàdàn. Dókítà kan ló ń fi àpótí búlúù rìnrìn àjò lọ sáyé àná àti ayé ọ̀la.

Nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, The Enemy of the World ni mo fi ṣe ìkíní. Patrick Troughton tó ṣe Dókítà náà ló ṣe Salamander, ìkà tó fẹ́ gba gbogbo ayé. Ojú kan, ìwà méjì! The Web of Fear ni ìkejì: àwọn ẹ̀dá onírun gìrìwò ń lé èèyàn kiri inú ihò rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London. Àwọn Dalek ṣe ìkẹta. Ẹ má bínú, ariwo wọn ti pọ̀ jù fún mi.

Ẹ wá gbọ́ o. BBC fúnra wọn ló pa ọ̀pọ̀ eré yìí rẹ́. Apá mẹ́fà mẹ́fà ni méjì tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn. Àfi lóṣù kẹwàá ọdún 2013 tí wọ́n kéde pé Philip Morris ti rí apá mẹ́sàn-án tó sọnù níléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Jọ́ọ̀sì! Àwọn tó ni ín sọ ọ́ nù, àwa la bá wọn tọ́jú ẹ̀ láìmọ̀.

Apá kẹta The Web of Fear nìkan ni kò bá wọn délé. Bí kì í bá ṣe ìyẹn ni, òun ni ǹ bá fi ṣe ìkíní.