Ta ló ní kí ẹ lọ da bróọ̀ṣì ìyá yín sódò?

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú lè fi í pamọ́ kó kà á lálẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan má ka ìdajì kó wá máa bú mi ní comment.

Ọ̀rọ̀ bróọ̀ṣì ni mo fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bróọ̀ṣì. Èyí tí àwọn ìyá wa ń fi sára gèlè, tí wọ́n ń fi sára fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tí wọ́n fi ń há ìborùn mọ́ èjìká kó má bàa yọ̀ nígbà tí ijó bá dé. Àti píìnì tí àwa ọkùnrin ń fi sí kọ́là kóòtù. Nǹkan kékeré ni lójú yín, àbí? Ẹ dúró ná.

Ẹ̀kọ́ kan ti wà nílùú Adó yìí fún ìgbà díẹ̀ báyìí, mo sì ti fi etí ara mi gbọ́ ọ. Wọ́n ní ohun ọ̀ṣọ́ yòówù tó bá ti ọwọ́ ìyá àgbà wá, pàápàá tí òkúta bá wà lára rẹ̀, ẹ̀mí omi ló ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ní kí a kó o wá, kí wọ́n lọ dà á sínú odò tó ń ṣàn.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tó ti lé ní 60 ọdún. Tíṣà ni ìyá tó bí i, nígbà tí tíṣà ṣì jẹ́ ẹni ńlá láwùjọ. Bróọ̀ṣì méje ni màmá yẹn fi sílẹ̀ nínú agolo bísíkíìtì kan, wúrà ni mẹ́ta nínú wọn. Ìyá yìí lọ sí ìṣọ́ òru níbì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní agolo yẹn ló so ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò fi tíì lọ́kọ. Wọ́n ní kó gbé e wá. Ó gbé e lọ. Wọ́n dà á sínú nọ́lọ́ọ̀nù dúdú, wọ́n ní àwọn máa lọ jù ú sódò láàárín òru, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé àwọn torí pé ẹ̀mí náà lè padà sí i lára. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣì wà nílé o. Òun gan-an ló wá sọ́dọ̀ mi tó ń sunkún, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ ló ń dun òun, bróọ̀ṣì ìyá àgbà òun ni.

Èmi ò sọ pé mo mọ ibi tí wọ́n gbé e gbà. Mo kàn ń bèèrè ni. Kí ló dé tó jẹ́ wúrà ni ẹ̀mí yìí máa ń wọ̀, tí kì í wọ ike? Kí ló dé tí wọn kì í ní kí ẹ kó kúlà àtijọ́ wá? Tí wọ́n bá sì fẹ́ jù ú sódò lóòótọ́, kí ló ní kí olóhun má wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká lọ sínú Bíbélì, torí ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé àwọn ti rí i. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 28. Nígbà tí Ọlọ́run ń ṣètò aṣọ Áárónì, òkúta iyebíye 12 ló ní kí wọ́n tò sí ìgbàyà rẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ̀ọ́ kan. Yàtọ̀ síyẹn, òkúta méjì wà ní èjìká méjèèjì, wọ́n fín orúkọ ẹ̀yà mẹ́fà sára ọ̀kan, mẹ́fà sára èkejì, wọ́n sì fi wúrà yí wọn ká. Òkúta tí a fi wúrà dè, tí a fi sí èjìká ẹ̀wù! Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ̀ ń pe ìyẹn? Ẹ tún lọ sí orí 35, ẹsẹ 22. Tọkùnrin tobìnrin kó ohun ọ̀ṣọ́ wọn wá fún iṣẹ́ àgọ́, nínú àwọn ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn sì rèé, brooch gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀. Ọlọ́run kò ní kí wọ́n dà á sódò. Ilé Rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́. Àwọn èèyàn yẹn kan náà ló sì ti bọ́ òrùka etí sílẹ̀ ní orí 32 tí wọ́n fi rọ ère màlúù. Wúrà kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ti ń tẹ 1 Pétérù 3 sínú comment báyìí. N kò fò ó o. Pétérù àti Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn obìnrin nípa wúrà, nípa irun dídì àti nípa aṣọ. Irun dídì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ sì ń lọ di irun ní gbogbo Sátidé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹwà má parí sára. Àwọn ìjọ kan wà tí kò lo ohun ọ̀ṣọ́ rárá, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, torí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ náà ni wọ́n ń ṣe, tí wọn kò sì gba ti ẹnikẹ́ni. Àmọ́ “má wọ̀ ọ́” yàtọ̀ sí “gbé e wá fún mi”. Ibi tí ìjà mi wà nìyẹn.

Ká tún wo ọ̀rọ̀ ẹ̀mí omi yìí fúnra rẹ̀. Òkúta inú bróọ̀ṣì kì í ti inú omi wá, inú àpáta ni wọ́n ti ń wà á. Ẹ ò nílò láti lọ jìnnà. Ní Ìjerò-Èkìtì níbí, òkúta tí wọ́n ń pè ní tourmaline wà nínú ilẹ̀ wọn, ó wà ní Ọ̀yọ́ náà. Ó lè dúdú, ó lè ní àwọ̀ ewé, ó lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òdòdó. Àwọn ọmọ wa ń fi ṣọ́bìrì àti jígà wà á, wọ́n ń tà á láìgé fún oníṣòwò, ó di òkè òkun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e, tí wọ́n ń dán an, tí wọ́n ń fi wúrà dè é. Ìgbà tó bá padà dé bíi bróọ̀ṣì, a ó ní ti òyìnbó ni, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀! Ohun tó ti abẹ́ ilẹ̀ Ìjerò jáde. (Ọ̀rọ̀ àwọn kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ sílẹ̀ láìdí ní Ìjerò, ọjọ́ mìíràn ni màá sọ ìyẹn, torí ó ń bí mi nínú.)

Ìyùn inú òkun àti péálì ló ti inú omi wá lóòótọ́. Ẹja Titus náà ti inú omi wá, ẹ sì ń fi jẹ iyán.

Ẹlòmíràn á ní, “Pásítọ̀, ilẹ̀kẹ̀ àwọn baba wa ńkọ́, ṣebí Igbó Olókun ni wọ́n ti ń ṣe é?” Òótọ́ ni, Igbó Olókun n'Ílé-Ifẹ̀. Ẹ sì má jẹ́ kí orúkọ yẹn lé yín sá. Àwọn onímọ̀ ti hú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n bá ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, wọ́n bá ilẹ̀kẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n ṣe po gíláàsì náà kò jọ ti Lárúbáwá, kò jọ ti Yúróòpù. Ti Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ó sì ti wà kí òyìnbó kankan tó dé etíkun wa. Iná àti ọgbọ́n orí ni wọ́n fi ṣe é. Tí ọmọ yín bá ṣe irú rẹ̀ ní yunifásítì lónìí, ẹ ó ṣe ìdúpẹ́ fún un.

Ohun tí wọ́n máa ń fà yọ sí mi ni ti Bàbá Babalọlá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa nígbà náà. Lọ́dún 1930, Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Oòyè n'Íléṣà, iná náà sì ràn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè wa níbí. Àwọn èèyàn kó nǹkan jáde, wọ́n sun ún. Kí ni wọ́n kó jáde? Òògùn, ońdè, ìfúnpá, ère. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé dípò Ọlọ́run ni. Ẹ̀dẹ́ ni Bàbá ti sùn nínú Olúwa lọ́dún 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀fọ̀n yìí kan náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ni ìlú tí iṣẹ́ adé onílẹ̀kẹ̀ ti gbilẹ̀ jù ní gbogbo Èkìtì, tí ìdílé Adéṣínà ti fi iṣẹ́ náà di ìlú mọ̀ọ́ká. Ìlú tí ìsọjí jó bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀kẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ońdè yàtọ̀ sí ilẹ̀kẹ̀ kò ní ṣi iná ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a bá jù nù, tàbí tí a fi tọrẹ láìmọ iye rẹ̀. Adé onílẹ̀kẹ̀ Ògògà Ìkéré kan, Oníjàgbó Ọbásọrọ̀ Alówólódù tó jọba láti 1890 sí 1928, Brooklyn ní Amẹ́ríkà ló wà báyìí nínú mùsíọ́ọ̀mù. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́, British Museum ló wà. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley lọ́dún 1924, àga tí wọ́n ṣe n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún ọba. Àga! Ọmọ Ìkéré tó bá fẹ́ rí i lónìí á kọ́kọ́ gba físà.

Àwọn tó mọyì rẹ̀ ń kó tiwọn jọ. Madeleine Albright, obìnrin àkọ́kọ́ tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, láti 1997 sí 2001, bróọ̀ṣì ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn Ìráàkì pè é ní ejò, ó wá fi bróọ̀ṣì ejò sí àyà nígbà tó tún fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ lórí Ìráàkì. Ó kọ odindi ìwé nípa wọn lọ́dún 2009. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan olówó pọ́ọ́kú lọ. Ìtàn ara wọn ló gbé wọn níyì. Ti Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì wá yàtọ̀: ọ̀kan nínú àwọn bróọ̀ṣì rẹ̀, ara òkúta dáyámọ́ńdì Cullinan ni wọ́n ti gé e, èyí tí wọ́n wà jáde ní South Africa lọ́dún 1905, tó wúwo tó 3,106 kárááti. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti jáde. Kò sẹ́ni tó ní kí ọbabìnrin dà á sódò.

Ó yá, ẹ̀yin màmá wa, ó kan yín. Mi ò sọ pé kí ẹ lọ máa yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ra bróọ̀ṣì tuntun fún gbogbo aṣọ ẹbí. Èyí tó ń dán yanranyanran lọ́jà Ọba yẹn, gíláàsì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ bá jó lẹ́ẹ̀mejì òkúta á máa já bọ́. Kò burú tí ẹ bá mọ̀ pé gíláàsì ni, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ti gíláàsì. Èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò rí.

Ẹ yí i padà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí 375, wúrà kárááti 9 ni, 585 jẹ́ 14, 750 jẹ́ 18. 925 jẹ́ fàdákà. Tí ìkọ́ tó há abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá kàn rí bíi lẹ́tà C, tí kò ní ìdérí tó ń yí dé e, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ gan-an. Ẹ gbé òkúta rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀: tí ẹ bá rí ìhó kékeré róbótó nínú rẹ̀, gíláàsì ni. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìyùn tàbí péálì o, ó ń jẹ wọ́n lára. Aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sómi díẹ̀ ti tó, kí ẹ sì kọ́kọ́ fín lọ́fínńdà tán kí ẹ tó fi bróọ̀ṣì síbẹ̀.

Tí ìyà bá sì jẹ yín tí ẹ fẹ́ tà á, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra wúrà àlòkù, ìwọ̀n gíráàmù nìkan ni wọ́n ń sanwó lé. Wọ́n á fi ẹnu ẹ̀mú yọ òkúta rẹ̀ jù sílẹ̀ lójú yín bí ẹní yọ eegun ẹja. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ òkúta kó wò ó kí ẹ tó gbé e dé orí òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ogún náà wà níbẹ̀. Bróọ̀ṣì kéré, ó wọ àpò, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pòórá lọ́jọ́ ìsìnkú. Màmá tó bá ní tirẹ̀, kó pe àwọn ọmọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, kó sọ pé ti Bọ́sẹ̀ ni èyí, ti ìyàwó Táyé ni tọ̀hún. Kó kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló ní i, ọdún wo ló rà á, ọjọ́ wo ló fi sí àyà. Láìsí ìwé yẹn, ẹni tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún kò ní mọ̀ ju pé ó ń dán.

Ní ti ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ti gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti pe fóònù, mo ti fi àgbà méjì ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé odò ti gbé e lọ. Mo ní kí wọ́n mú wa dé odò náà. Títí di àná tí mò ń kọ èyí, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èyí tó ti pẹ́ nílé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Ẹ má gbé e sábẹ́ post yìí o. Olè náà ń ka Facebook.