Kí Ni Òbí Onígbàgbọ́ Yóò Fi Díwọ̀n Fíìmù fún Ọmọ Rẹ̀?

Ìfáàrà

Láyé àtijọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwọn àgbà a máa kó ọmọdé jọ láti pa àlọ́ fún wọn. Ìjàpá ọ̀lẹ, olè àti ẹlẹ́tàn ni ó sábà máa ń jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn nínú àwọn àlọ́ náà, síbẹ̀ a kì í gbọ́ kí òbí sọ pé àlọ́ Ìjàpá yóò ba ọmọ òun jẹ́. Ìdí ni pé àgbà wà níbẹ̀. Òun ni ó ń wọn ìtàn sí ọjọ́ orí ọmọ, òun náà ni ó sì ń bèèrè ẹ̀kọ́ inú àlọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ sùn. Lóde òní, fíìmù ti gba ipò àlọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ nìkan ni ó sì sábà máa ń jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ yìí ń kọ ọ̀pọ̀ òbí tí ó jẹ́ Kristẹni lóminú. Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Àkọ́kọ́ ni àmì tàbí orúkọ tí ó wà lára páálí fíìmù. Èkejì ni bóyá àjẹ́, babaláwo tàbí ẹ̀mí àìrí fara hàn nínú rẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n méjèèjì kò tó. Ohun tí fíìmù mú kí ọmọ fẹ́ràn, ohun tí ó mú kí ó bẹ̀rù, àti ẹni tí ó jókòó tì í nígbà tí ó ń wò ó, ni ó ṣe pàtàkì jù.

Àmì Ara Páálí

Kò sí àní-àní pé àmì ní ìwúlò tirẹ̀. Òfin 85 ti ọdún 1993 ni ó dá àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lára iṣẹ́ àjọ náà sì ni láti sọ ọjọ́ orí tí fíìmù kọ̀ọ̀kan bá mu. Òbí tí ó bá rí 18 lára páálí kò nílò àlàyé mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí àmì ń wọ̀n jù lọ ni ìjà, ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ rírùn àti ìhòòhò. Kì í sọ ẹ̀kọ́ tí fíìmù fi sí ọmọ lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí The Lion King jáde ní ọdún 1994, àmì G ni wọ́n fún un, èyí tí ó túmọ̀ sí pé tọmọdé tàgbà ni ó lè wò ó, bẹ́ẹ̀ baba kú níwájú ọmọ nínú rẹ̀. The Prince of Egypt ti ọdún 1998, tí ó sọ ìtàn Mósè láti inú Ìwé Ẹ́kísódù, PG ni ó gbà, èyí tí ń kìlọ̀ pé kí òbí ṣọ́ra. Nígbà tí wọ́n tún The Lion King ṣe ní ọdún 2019, PG ni òun náà gbà. Ìtàn kan náà, àmì méjì! Ibi tí iṣẹ́ àmì parí sí ni iṣẹ́ òbí ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ Kristẹni

Àwọn òbí kan gbà pé bí ìjọ tàbí oníwàásù bá ti ṣe fíìmù, ọmọ lè wò ó láìséwu. Èyí náà gba ìrònú. Ẹgbẹ́ Mount Zion, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ti ṣe iṣẹ́ takuntakun nínú fíìmù onígbàgbọ́ lédè Yorùbá. Ète fíìmù wọn, Agbára Ńlá, ni láti fi hàn pé agbára Ọlọ́run ju ti òkùnkùn lọ. Àgbàlagbà tí ó wò ó dé òpin yóò gbọ́ ìwàásù náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wò ó ní kékeré, ìrísí Ìṣáwùrú, aṣojú òkùnkùn inú rẹ̀, ni wọ́n ṣì ń rántí. Èyí kò sọ fíìmù náà di búburú. Ó kàn ń fi hàn pé ìwàásù tí ó bá àgbà mu lè di àlá burúkú fún ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ End of the Wicked, tí ó jáde ní ọdún 1999, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníwàásù Helen Ukpabio ni ó kọ ọ́, ó sì ṣàfihàn àwọn ọmọdé gẹ́gẹ́ bí àjẹ́ tí ń ṣe òbí wọn ní ibi. Ní Akwa Ibom àti agbègbè rẹ̀, wọ́n na àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní àjẹ́, wọ́n sì lé wọn kúrò nílé. Àwọn alátakò sọ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń bọ́ ìgbàgbọ́ náà. Ukpabio kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe òfin tí ó sọ pípe ọmọ ní àjẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó jàre nínú àríyànjiyàn náà, ìbéèrè kan kù fún òbí: nígbà tí fíìmù bá parí, ta ni ọmọ yóò máa fi ojú ìbẹ̀rù wò? Bí ó bá jẹ́ ìyá arúgbó ilé kejì tàbí ìyàwó bàbá rẹ̀ ni, fíìmù náà ti lòdì sí ìfẹ́ ọmọnìkejì tí Kristi pa láṣẹ, bí ó tilẹ̀ fi àdúrà parí.

Ibi Nínú Ìtàn

Ní ìdà kejì, wíwà tí ibi wà nínú ìtàn kò tó láti dá fíìmù lẹ́bi. Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ bí Sọ́ọ̀lù ṣe lọ bá abókùúsọ̀rọ̀ ní Ẹ́ńdórì, ó sì sọ bí Dáfídì ṣe gé orí Gòláyátì. Kò sí ẹni tí ó ya àwọn orí wọ̀nyẹn kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí ó gbọ́n kò ní ya orí tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ síwájú ọmọ ọdún mẹ́rin.

The Lion King yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni sí i. Òbí onígbàgbọ́ lè bínú sí i pé Mufasa tí ó ti kú bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú sánmà, nítorí Ìwé Diutarónómì kọ bíbá òkú lò. Ó tún lè ní pé Timon àti Pumbaa ń kọ́ ọmọ ní ayé ìgbádùn láìbìkítà. Àwọn àríwísí wọ̀nyí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò fi ayé àìbìkítà ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: Simba padà sílé láti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí òbí lè má fura sí. Scar purọ́ fún Simba pé òun ni ó fa ikú baba rẹ̀, ọmọ náà sì gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ sálọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú tàbí tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ lè máa rò lọ́kàn rẹ̀ pé òun ni òun fà á. Òbí tí ó jókòó tì í lè bèèrè pé, “Ṣé òótọ́ ni Scar sọ?” Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè tú ẹrù tí ọmọ ti ń dá gbé. Òbí tí ó ju fíìmù náà nù nítorí ìran ojú sánmà kò ní rí ààyè yìí.

Ojúṣe Òbí àti Olùkọ́

Àwọn kan yóò sọ pé ó sàn kí a kọ gbogbo ohun tí ó bá mú iyèméjì dání. Fún ọmọ kékeré, òótọ́ ni. Òbí tí ó bá sọ pé “ó di ìgbà tí o bá dàgbà” kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò rí fíìmù náà nílé ọ̀rẹ́ tàbí lórí fóònù, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá a tú u palẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí ráyè. Òbí tí kò lè wo fíìmù mẹ́wàá pẹ̀lú ọmọ lè wo méjì, kí ó sì jẹ́ kí méjì náà tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni ó máa ń fi fíìmù dá ọmọ lára yá ní òpin táàmù. Igi gangan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí olùkọ́ wo fíìmù náà tán fúnra rẹ̀ kí ó tó gbé e wọ kíláàsì, kí ó kíyè sí ìran tí ó lè dẹ́rù ba àwọn kéékèèké, kí ó sì rántí pé ọmọ Kristẹni, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni ó jókòó síwájú rẹ̀. Bí kò bá rí ẹ̀kọ́ tí òun lè bi wọ́n léèrè lẹ́yìn fíìmù náà, kí ó wá òmíràn.