Láti Ìlá dé Lọ́ńdọ̀nù: Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ

Bí ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún kan bá fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni a sábà máa ń kà fún un. Ìṣirò náà kò burú: nǹkan bí 5,000 kìlómítà ló wà láàárín Ìkẹjà àti Lọ́ńdọ̀nù, bàálù ńlá sì máa ń sá tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò náà kì í bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà.

Láti Ìlá dé pápákọ̀ Ìkẹjà, bí ẹyẹ ṣe ń fò, tó nǹkan bí 235 kìlómítà. Ọ̀nà mọ́tò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì wà níwájú. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra bàálù ló yẹ kí èrò ti dé pápákọ̀. Ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní láti sùn sí Èkó. Apá tí kò tó ìdá kan nínú ogún ìrìn náà ló ń gba odidi ọjọ́ kan.

Aago pàápàá máa ń tan ni jẹ. Ní ìgbà òtútù, Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó gbéra ní aago mẹ́wàá, tó sì gúnlẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀hún, lo wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, kì í ṣe márùn-ún àti ààbọ̀. Ní ìgbà ooru wọn, aago wa dọ́gba.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ pápákọ̀ ìpínlẹ̀ wa kan ilẹ̀ Ìgbómìnà gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1936 ni pápá bàálù ti wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, síbẹ̀ èrò kò tíì máa wọ bàálù níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àríyànjiyàn sì ti wáyé lórí bóyá Ìdó-Ọ̀ṣun ni yóò wà tàbí Ẹdẹ. Fún ará Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá lọ. Pápákọ̀ Ìlọrin náà kò jìnnà sí wa ju Ẹdẹ lọ púpọ̀: ó lé díẹ̀ ní 60 kìlómítà tààrà, ọ̀nà rẹ̀ sì gba Àjàṣẹ́-Ìpo, ìlú Ìgbómìnà bíi tiwa. Láti ibẹ̀, bàálù kì í lò tó wákàtí kan dé Èkó.

Lójú tiwa, nígbà náà, ibi tí pápákọ̀ wà nìkan kọ́ ni ìbéèrè. Ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Pápákọ̀ tó wà nítòsí tí ọ̀nà rẹ̀ kún fún kòtò jìnnà ju èyí tó wà lọ́nà jíjìn tí ọ̀nà rẹ̀ dán lọ. Nígbàkígbà tí a bá ń jíròrò pápákọ̀ Ọ̀ṣun, ẹ jẹ́ kí a máa ka ìrìn náà láti ẹnu ọ̀nà ilé wa.