Ọ̀ràn Ilé Ìwòsàn Ìletò: Ìpè sí Àwọn Àgbà Ìlú

Ó ti di àṣà ní ilẹ̀ wa pé, bí a bá kọ́ ilé ìwòsàn sí ìletò kan, ọba yóò wá, ìjòyè yóò wá, ìlù yóò dún, a ó sì kọ orúkọ àwọn ẹni ńlá sí ara ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ta ni nínú wa tí ó padà lọ béèrè bóyá omi wà níbẹ̀ tí nọ́ọ̀sì yóò fi fọ ọwọ́? Ta ni ó béèrè iye aboyún tí ó wọlé, àti iye tí ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde láàyè? Ní ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa, bí ara wọn kò bá yá, ìlú ńlá ni wọ́n ń sáré lọ.

Bí aláìsàn bá kú, a ó wí pé, “Àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú.” Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di aṣọ tí a fi ń bo ẹ̀gbin mọ́lẹ̀. Irin iṣẹ́ tí a kò sè, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n: iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo wọn, ọwọ́ ènìyàn ni yóò sì tún wọn ṣe. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin bí 75,000 ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Ìyàwó wa ni wọ́n, ọmọ wa sì ni wọ́n.

Àwọn kan yóò dáhùn pé owó ni kò sí. Àwa kò sẹ́ pé owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ti ṣe láìsí owó púpọ̀. Ní ìlú Vienna, ní ọdún 1847, Dókítà Semmelweis pàṣẹ pé kí àwọn dókítà fi omi ẹfun olóògùn fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Nínú oṣù April, bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú. Nínú oṣù June, bí 2 péré. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé tiwa, láti nǹkan bí ọdún 1957, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa wọn ọmọdé lóṣooṣù, kí ìyá sì máa tọ́jú ìwé ìwọ̀n náà sí ilé ara rẹ̀. Ìwé ìwọ̀n yẹn di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Ní ọdún 2023 ni a gbọ́ àbájáde ìdánwò kan tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá alámì sábẹ́ ìyá ọlọ́mọ láti wọn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewu ńlá tí ó ń bá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún wá sí 1.6. Níbi tí a ti ń fi ojú lásán wo ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ ju ìdajì lọ ni a rí nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní àdàjù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọba, ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí kànga tàbí ẹ̀rọ omi tí kì í gbẹ wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìletò. Èkejì, kí ọkọ̀ kan àti awakọ̀ rẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ lóru fún aboyún tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣòro jù, kí a máa ka iye ìbí àti iye ikú ní ààfin lóṣooṣù, kí a sì wádìí ìdí ikú kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé nọ́ọ̀sì tí ó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe. Bí a bá fi ìyà jẹ olóòótọ́, irọ́ ni a ó máa gbọ́, òkú yóò sì máa pọ̀ sí i.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lónìí o.