Ìràwọ̀ Mẹ̀sí Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìwà

Bí aago kan ọ̀sán bá ti ń súnmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀nà tó wà láàárín Ọjà-Ọba, ààfin Ẹ́míà àti Mọ́sáláṣí Gbogbogbòò Ìlọrin kì í gba ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn olùjọ́sìn ń rọ́ bọ̀ láti Pàkátà, láti Òkè-Màlé, láti Ìdí-Àpẹ. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń fa àtẹ wọn sẹ́yìn. Ọlọ́kadà àti onítakisí ń du àyè. Pẹ̀lú bí gbogbo rẹ̀ ṣe há tó yìí, bí Mercedes-Benz tuntun kan bá yọ, àyè á ṣí fún un. Wọ́n á ti máa kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ní "Alájì" kí gíláàsì tó wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú rẹ̀. Bí onímáíkírà tó ti ń gbé èrò láti ìdájí bá fẹ́ gba ibẹ̀ kan náà kọjá, èébú ni wọn yóò fi kí i.

Àṣà yìí kò dára, ó sì ti pẹ́ tó láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ wa, láìfepo-bọyọ̀, ni pé Mẹ̀sí lẹ́tọ̀ọ́ sí iyì tó ní, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí iyì kankan nítorí pé ó jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ọkọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886 ni Karl Benz lọ forúkọ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi epo rìn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Jámánì, pé òun lòun ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ ìbí mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọjà kò yá. Àwọn èèyàn ń wò ó bí ohun ìyanu tí kò wúlò. Ìyàwó rẹ̀, Bertha, ló gba iṣẹ́ náà là. Kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn ló ti gba lára owó tó tọ́ sí i nílé bàbá rẹ̀, tó fi í sínú iṣẹ́ ọkùnrin náà nígbà tó fẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ó kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀ ní ìdájí láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì wà á láti Mannheim lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo kankan lójú ọ̀nà. Ilé oògùn kan ní Wiesloch ló ti ra ohun olómi tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, òun ló dà sínú ọkọ̀. Nígbà tí ojú ibi tí epo ń gbà dí, abẹ́rẹ́ tó fi ń de fìlà mọ́rí ló fi là á. Nígbà tí bíréèkì jẹ, ó ní kí oníbàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá dé ibi òkè, àwọn ọmọ á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tì í. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló dé, tó sì tẹ wáyà sí ọkọ rẹ̀ pé àwọn ti dé. Nígbà tó padà sílé, ó ní kí wọ́n fi jíà mìíràn kún un kí ọkọ̀ náà lè máa gun òkè.

A fẹsẹ̀ dúró lórí ìtàn yìí nítorí pé ọjà àwọn obìnrin ni Ọjà-Ọba. Ìyá tó ń jí ní ìdájí lọ gbé ọjà, tí owó rẹ̀ ń gbé òwò ọkọ rẹ̀ dúró, tí orúkọ rẹ̀ kì í sì í hàn níbẹ̀, yóò mọ Bertha Benz ju bí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wa Mẹ̀sí kiri ìgboro ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Orúkọ obìnrin tó wá wà lára ọkọ̀ náà kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Mercédès jẹ́ ọmọ Emil Jellinek, oníṣòwò kan tó ń ta ọkọ̀ Daimler fún àwọn olówó ní Nice, ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1926 ni ilé-iṣẹ́ Benz àti ti Daimler para pọ̀ di ọ̀kan.

Ohun tó sọ ọkọ̀ náà di ọkọ̀ ọlọ́lá ju dídán ara rẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, gbogbo èèyàn gbà pé bí irin ọkọ̀ bá ṣe le tó ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ikú tó. Béla Barényi, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, ní irọ́ ni. Ó ní kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa rún wọlé bí ó bá forí sọ nǹkan, kí ipá ìkọlù náà parí sára irin, kí yàrá tí èèyàn jókòó sí lè wà ní odidi. Ọdún 1951 ló ti fi ọgbọ́n náà forúkọ sílẹ̀; ní 1959 ni wọ́n gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe jáde. Ní 1978, wọ́n fi bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, tí wọ́n ń pè ní ABS, sínú ọkọ̀ ńlá wọn. Ní 1981, wọ́n fi àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba àyà awakọ̀ kún un. Lónìí, gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ́tò láyé ló ń tẹ̀lé ọgbọ́n wọ̀nyí. Máíkírà tí wọ́n ń bú lójú ọ̀nà Ọjà-Ọba náà jogún nínú rẹ̀. Irú iṣẹ́ báyìí yẹ fún ọ̀wọ̀, a kò sì ní fi du ẹni tó ṣe é.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ olówó ló kọ́kọ́ fi orúkọ yìí sí àwọn ọlọ́jà wa lẹ́nu. Lọ́rì ni. Mercedes 911, tí kò ní ọyẹ́, tí kò ní tìmùtìmù, ló ru àlùbọ́sà àti tòmátì láti òkè Ọya wá, tó gba orí afárá Jẹ́bà kọjá, tó já ẹrù sílẹ̀ ní Ìlọrin kó tó forí lé Ìbàdàn àti Èkó. Mẹkáníìkì tí kò ka ìwé lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó sì tún un tò. Nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Emene, ní Enugu, ní 1980, níbi tí ìjọba wa àti àwọn ará Jámánì ti jọ dòwò pọ̀, lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé wa nínú ìràwọ̀ onígun mẹ́ta yẹn ti wá, kó bi àwọn àgbà awakọ̀ lọ́rì léèrè. Àwọn olórin ló wá gbé iyì náà kúrò lórí iṣẹ́, tí wọ́n gbé e karí ọrọ̀. Láti orí jùjú dé fújì, títí dé dàdàkúàdà ìlú wa níbí, olówó tí kò ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ kò tíì di ẹni tí wọ́n ń kì.

Ìtàn ilé-iṣẹ́ yìí ní àbàwọ́n, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ojú fò ó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Hitler ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ní 1944, nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó lé ní 63,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú ṣiṣẹ́: àwọn ará ìlú tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tí ogun mú, àti àwọn tí wọ́n kó láti àgọ́ ìfìyàjẹni. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó dá owó jọ fún àwọn tó kù láyé nínú wọn. Nítòótọ́, ìjẹ́wọ́ náà pẹ́ kó tó dé.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọdún 2010. Ní ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ Daimler, tó ni Mẹ̀sí nígbà náà, gbà láti san 185 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé ó fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ta ọkọ̀ fún àwọn ìjọba ní orílẹ̀-èdè tí kò dín ní 22. Orúkọ Nàìjíríà wà nínú ìwé ẹjọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò dáadáa. Owó ìlú ló ra ọkọ̀. Àwọn aláṣẹ ìlú ló gba ẹ̀gúnjẹ. Àpò Amẹ́ríkà ni owó ìtanràn wọ̀. Ìyá tó ń ta wàrà àti èyí tó ń ta ata l'Ọjà-Ọba, tí agbowó-orí kì í fo àtẹ wọn dá, kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń yà kúrò lọ́nà fún ọkọ̀ aláṣẹ nítorí ìràwọ̀ tó wà ní imú rẹ̀ yẹ kó rántí pé ọwọ́ òun ni owó rẹ̀ ti kúrò.

A ti rí olórí kan tí kò jẹ́ kí wọ́n yà kúrò lọ́nà fún òun. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, Mẹ̀sí dúdú ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkòyí, láìsí fèrè, láìsí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ológun. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni àwọn tó pa á ti bá a. Ọkọ̀ náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ tó ń wo ìràwọ̀ rẹ̀. Ihò ọta ìbọn ni gbogbo èèyàn ń wò. Nígbà tí Ọbásanjọ́ gbapò lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọba bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá, kí wọ́n wọ Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná. Ìyẹn fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí aláṣẹ má gbé ọkọ̀ ọlọ́lá. Àwọn alágbádá dé ní 1979, àṣà náà sì parẹ́.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ilé ẹjọ́ ní Ìlọrin ti dá àwọn ọmọ tí àjọ EFCC kó wá lórí jìbìtì íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, tó sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ olówó ńlá tí wọ́n fi owó náà rà di ti Ìjọba Àpapọ̀. Mẹ̀sí kì í sábà wọ́n nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí ló ní òbí tó rí ọkọ̀ náà nínú ọgbà, tó gbàdúrà sí i, tí kò sì béèrè ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ààfáà kan wúre lé e lórí. Ẹ̀bi ọmọ náà kò kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi.

Àìṣòdodo mìíràn tún wà lódì kejì, a ò sì fara mọ́ ọn. Ọlọ́pàá tó bá rí ọ̀dọ́ nínú Mẹ̀sí tòkunbọ̀, tó wọ́ ọ sílẹ̀, tó gba fóònù rẹ̀, tó ní olè ni títí yóò fi san owó, náà ń fi ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí ìwà. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó lé àwọn ọ̀dọ́ sí títì ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 láti pariwo pé kí wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS ká. Ọmọ tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ra ọkọ̀ tó wù ú kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kí i ní Alájì nítorí ọkọ̀ àti ẹni tó ń pè é ní olè nítorí ọkọ̀ ti jọ kọ̀ láti béèrè ohun kan ṣoṣo tó yẹ ní bíbéèrè: iṣẹ́ wo lo ṣe?

Nítorí náà, a ń sọ fún àwọn òbí ní Ìlọrin pé kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì kí wọ́n tó ṣe àmín. A ń sọ fún àwọn tó ń ṣètò ìgbéyàwó àti wòlímọ̀ pé kí wọ́n yé fi ọkọ̀ pín àga ọlọ́lá. Tíṣà tó kọ́ ìdajì àdúgbò níwèé kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa dúró lẹ́yìn ọmọ ogún ọdún tó gbé Mẹ̀sí wá.

Ti ìjọba ló le jù, nítorí owó tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń ná. A ń rọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kwara láti ṣe òfin pé gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá fi owó ìlú rà, fún gómìnà ni o, fún kọmíṣánnà ni o, fún àwọn aṣòfin fúnra wọn ni o, kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀, iye tí wọ́n rà á, àti ẹni tó tà á jáde fún gbogbo èèyàn láàárín 30 ọjọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní Ọjà-Ọba, níbi tí àwọn tó san owó náà yóò ti rí i kà.