Oògùn Àrùn Ẹ̀gẹ́ Kò Sí Nínú Ìgò, Inú Igi Tí Ẹ Gbìn Ló Wà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Ẹ yé ra oògùn kòkòrò fún ẹ̀gẹ́ tó ní àrùn bakitéríà. Owó yín lẹ ń dà sómi.

Ẹ jẹ́ ká dá àrùn náà mọ̀. Àmì onígun máa ń yọ lára ewé, bíi pé omi rin ín. Lẹ́yìn náà, ewé á rọ, á gbẹ, á já bọ́. Oje á máa sun lára igi tútù bíi góòmù, orí igi á sì máa kú bọ̀ wá sísàlẹ̀. Kì í ṣe mósáíìkì o. Mósáíìkì ń ká ewé kò ni. Àrùn ti bakitéríà yìí, 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Lásìkò òjò, bakitéríà náà ń gba ihò tí ewé fi ń mí, tàbí ojú ọgbẹ́, wọlé. Ó ń bá ọ̀nà omi inú igi rìn. Oògùn tó ń pa kòkòrò tó ń jẹ ewé ò lè bá a níbẹ̀. Kẹ́ ẹ fín in láàárọ̀ lálẹ́, ewé lẹ kàn ń fọ̀.

Ta ló wá lè bá a jà? Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ ní jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni tó jogún látinú ìran rẹ̀. Àwọn jíìnì kan dà bí ọdẹ àdúgbò: tí wọ́n bá ti fura sí bakitéríà, wọ́n á fọn fèrè. Họ́mọ̀nù ni fèrè yẹn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù níbí ni salicylic acid, ìbátan aspirin tá à ń lò fún ẹ̀fọ́rí. Ewé á pa ihò rẹ̀ dé, ojú ibi tí ọ̀tá gbà wọlé á kú kí ó má bàa tàn, àwọn ewé yòókù á sì gbára dì.

Bakitéríà náà gbọ́n o. Ó máa ń jí jíìnì ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní SWEET10a, kí ewé lè tú ṣúgà sílẹ̀ fún un. Ẹ ò rí i? Onílé ló ń bọ́ olè!

Àwọn kan ti wá ń ta "họ́mọ̀nù" inú ìgò pé ó ń wo àrùn yìí. Ẹ bi wọ́n: tẹ́ ẹ bá fọn fèrè níbi tí kò sí ọdẹ, ta ló máa dìde?

Oògùn kọ́ ni wọ́n fi kápá àrùn yìí láyé ọjọ́un. IITA n'Ìbàdàn lo irú-ọmọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fi ìbátan rẹ̀ inú igbó, Manihot glaziovii, gbà lábùdá. Ibẹ̀ ni TMS 30572 ti jáde, tó lágbára sí àrùn yìí àti mósáíìkì.

Ẹ lè ní igi ẹ̀gẹ́ tó dáa wọ́n, pé ti ọ̀rẹ́ yín ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ tó gbé àrùn wọlé ló wọ́n jù, torí inú igi ni àrùn yìí ń gbà dé oko tuntun. Ẹ̀yin tó ń ta igi náà, ẹ yé kó igi oko tó ti ń ṣàìsàn sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ máa pè é ní "agric". Ìkà ni.

Ẹ̀yà tó lágbára náà ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ o:
– Ẹ gé igi tó ti gbó, apá ìsàlẹ̀, lára ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ dá.
– Ẹ sun igi àti ewé tó lárùn.
– Ẹ fọ àdá yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní oko tó lárùn.
– Ẹ gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún gbin ẹ̀gẹ́.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá fẹ́ ta igi fún yín lọ́dún yìí, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀yà rẹ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mówó yín dání, kẹ́ ẹ máa lọ.